Omi Tí Kò Ṣeé Dà Nù

Làtíìfù ni orúkọ rẹ̀, kì í sì í da omi wàláà sí sínkì.

Omi ìfọwọ́ àti omi ìfọbọ́, ó ń dà wọ́n síbẹ̀ bíi gbogbo èèyàn. Ti wàláà ló yàtọ̀. Ẹni tó bá lọ ilé-kéú rí á mọ ìdí rẹ̀. Tàdáwà, yíǹkì èédú, ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára pákó tí ń jẹ́ wàláà, omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lára pákó mọ́, inú omi ló wà. Bí èèyàn bá wá da omi náà sí sínkì, ọ̀nà tí ìgbẹ́ ń gbà lọ náà ni yóò gbà lọ. Ẹni tí orí rẹ̀ pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí i, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún á mu ún, á fi díẹ̀ bọ́jú, èyí tó bá kù, wọ́n á dà á sí ìdí igi lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹsẹ̀ kì í dé. Ilẹ̀ á fà á mu. Ó parí. Ṣùgbọ́n Peckham ni Làtíìfù ń gbé báyìí, lókè pátápátá nínú ilé káńsù kan, níbi tí líìfùtì ti ń kú ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Kọnkéré ni káńsù dà sí gbogbo àgbàlá ìsàlẹ̀. Igi pọ̀ ní pápá Peckham Rye lóòótọ́, àmọ́ ajá ló ni wọ́n. Làtíìfù jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wá igi kan tí ajá kì í gbé ẹsẹ̀ sókè sí. Kò rí ọ̀kan. Ó gbé omi rẹ̀ padà sílé.

Bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kún yàrá rẹ̀ nìyẹn.

Ilé náà kì í ṣe tirẹ̀. Hàlímọ̀tù ló ni ín. Ọmọ ìyá kan náà ni ìyá Hàlímọ̀tù àti ìyá Làtíìfù, Hàlímọ̀tù ló sì dàgbà, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Rye Lane. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà. Làtíìfù ní tirẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbálẹ̀ ọ́fíìsì káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí onílé rẹ̀ ní kó jáde, Hàlímọ̀tù ló sọ pé, "Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ mi. Gbé ẹrù rẹ wá." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Oore ńlá ni. Làtíìfù kò gbàgbé oore náà. Hàlímọ̀tù náà kò gbàgbé rẹ̀.

Làtíìfù kì í ṣe Àáfà. Ó ń sọ ọ́ fún ẹni gbogbo. Ilé-kéú nìkan ló lọ ní kékeré, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ a máa gbé wàláà rẹ̀ sókè kí àwọn yòókù wo bí álífù ṣe ń dúró ṣánṣán. Kò kọ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà náà, àfi ìgbà tí orí ń fọ́ Hàlímọ̀tù tí kò jẹ́ kó lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Làtíìfù bá wá pákó kan lára bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n jù síta, ó gé e, ó fá a títí ó fi ń dán. Ó lọ èédú kúnná, ó pò ó mọ́ oje igi, ó kọ Fátíà, ó fọ̀ ọ́. Hàlímọ̀tù mu ún, ó sùn, ó jí, orí kò fọ́ ọ mọ́. Bóyá omi ni, bóyá oorun ni. Làtíìfù kò sọ pé òun mọ̀. Ṣùgbọ́n Hàlímọ̀tù mọ̀ ní tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá ra léèsì.

Báyìí ni àwọn èèyàn ṣe ń gun pẹ́tẹ́ẹ̀sì wá. Ẹni tí kò rí oyún, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ há, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Làtíìfù á sọ fún aláìsàn pé, "Ẹ má fi oògùn ilé ìwòsàn sílẹ̀ o. Ẹ̀bẹ̀ ni tèmi." Á béèrè orúkọ, á béèrè orúkọ ìyá, á ṣe àlùwàlá, á kọ. Kò lo yíǹkì ṣọ́ọ̀bù rí, nítorí májèlé ni fún ẹni tó máa mu ún. Tó bá rọ omi náà sínú ìgò, á so òwú mọ́ ọn lọ́rùn: pupa fún àìsàn, funfun fún ọmọ, dúdú fún ẹjọ́ àti ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní mọ́sáláṣí sọ fún un pé ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn ló ń ṣe. Kò bá wọn jiyàn. Ó dáwọ́ dúró fún ìwọ̀nba ọjọ́ kan, Hàlímọ̀tù kò sì bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé fún gbogbo ọjọ́ náà. Làtíìfù tún bẹ̀rẹ̀.

Omi àkọ́fọ̀ ni ti oníbàárà. Ṣùgbọ́n wàláà kì í mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á tún un fọ̀, wọ́n á tún un fọ̀, títí pákó á fi funfun, omi ìfọ̀ kejì àti ìkẹta náà, ọ̀rọ̀ ló wà nínú wọn. Ta ló máa mu ìyẹn? Làtíìfù mu èyí tí ikùn rẹ̀ gbà. Ìyókù wọ inú ìgò. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ní kí ó kọ ọ́, tí wọn kò padà wá gbà á. Ìgò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tò lọ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Tí Làtíìfù bá fẹ́ kírun, ó ní láti kọ́kọ́ sún ìgò kúrò kí ó tó rí ibi tí yóò tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ìrun rẹ̀ sí.

Yusrah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pè é láti Stockwell.

"Daddy, yàrá yín ti ready o. Àmírà ti ń sùn lọ́dọ̀ mi. Ground floor ni, kò sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì rárá. Ẹ máa bọ̀ now."

Inú Làtíìfù dùn débi tí ó fi jókòó. Àmírà ni ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, orúnkún rẹ̀ sì ti ń lá àlá ilé tí kò ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì.

"Mò ń bọ̀," ó ní. "Jẹ́ kí omi tó wà nílẹ̀ yìí tán ná."

"Omi? Which omi?"

"Omi wàláà."

"Ẹ just dà á nù, Daddy."

"Níbo?"

Ọkọ̀ ló wà níwájú ilé Yusrah, ọkọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí Làtíìfù sọ fún Hàlímọ̀tù pé òun fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun, aṣọ ni obìnrin náà ń ká. Kò dáwọ́ dúró.

"Lọ. Ta ló dì ẹ́ mú? Ìgò rẹ wà nínú yàrá yẹn. Èmi ò gbọ́ Lárúbáwá. Ọjọ́ tí o bá ti fi ẹsẹ̀ kan jáde, sínkì ni mò ń dà á sí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí n máa mu ún ni? Àbí kí n fi wẹ̀?"

Ó di pé kí omi tán kí Làtíìfù tó lè lọ. Omi kò sì lè tán, nítorí bí ó bá ti mu ìgò kan tán, Hàlímọ̀tù á mú oníbàárà tuntun wá. "Kọ ti eléyìí ná. Èèyàn mi ni." Làtíìfù á kọ ọ́. Ta ló jẹ́ kọ̀ fún ẹni tó gbà á sílé? Omi àkọ́fọ̀ á lọ, ìyókù á wọ inú ìgò.

Láàárín ìgbà yẹn ni Hàlímọ̀tù ti ṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan tí Làtíìfù kò gbọ́ rí láti ọ̀dọ̀ oníbàárà.

"Obìnrin kan ni. Ẹnì kan fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ kó lọ. Kọ ọ́ kí ẹni náà jókòó."

"Kí lorúkọ ẹni náà?"

"Kò fẹ́ dárúkọ."

"Orúkọ ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Làtí, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́? Kọ ọ́ báyìí. Ṣé Ọlọ́run ò mọ̀ ọ́n ni?"

Ohun tí kò ṣe rí nìyẹn, kí ó kọ wàláà láìmọ orúkọ. Ṣùgbọ́n ó ṣàánú obìnrin náà. Ó rò ó bí ó ṣe jókòó níbì kan tó ń wo ilẹ̀kùn. Ó wá kọ ọ́ ju bó ṣe ń kọ tẹ́lẹ̀ lọ, iwájú wàláà àti ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí álífù kan tó tẹ̀. Òwú aláwọ̀ ewé ló so mọ́ ti ìyẹn. Omi ìdúró ni Hàlímọ̀tù ń pè é. Kò pẹ́, ó ní obìnrin náà tún fẹ́ òmíràn, Làtíìfù tún kọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni Hàlímọ̀tù ti ń po tíì fún un láràárọ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ata ilẹ̀ ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Làtíìfù ń dúpẹ́, ó ń mu ún. Nǹkan kan korò díẹ̀ nísàlẹ̀ ife, ó kà á sí ẹfun tí omi Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù. Orúnkún rẹ̀ ń wúwo sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ kí Yusrah, á sọ̀ kalẹ̀ dé àjà kan, á jókòó sórí pẹ́tẹ́ẹ̀sì, á tún gùn ún padà. Yusrah kò pè é mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn káńsù ti ń béèrè ẹni tó ń gbé yàrá náà, pé bí Daddy ò bá bọ̀, òun á jẹ́ kí Àmírà padà síbẹ̀.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Olúwakẹ́mi ló wá tú aṣọ lójú ọ̀rọ̀, kò sì mọ̀ pé òun tú u.

Olúwakẹ́mi kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń júwe ìjókòó fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi ilé ìkẹ́rù ṣe. Tó bá wá gba omi, abẹ́ ẹja tútù ló ń fi í sí nínú àpò. Ó ń mí gúlegúle nígbà tó dé òkè.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn."

"Ta lẹ ń sá fún?"

"Ushering department."

Làtíìfù ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà wá ibi jókòó láàárín ìgò.

"Malachi ni, Baba. Ó ní Manchester lòun ń kó lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí! Ó ní òun rí iṣẹ́."

"Ṣé iṣẹ́ gidi ni?"

"Iṣẹ́ gidi ni o. Wọ́n á fún un ní mọ́tò."

"Kí wá ni kí n bá yín bẹ Ọlọ́run sí, Mummy? Kí mọ́tò náà má gbọ́ná?"

Olúwakẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó tún fi etí gèlè nu ojú. "Omi ìdúró ni mo fẹ́ sà. Irú èyí tí Alhaja ń lò."

Làtíìfù ti mú kálámù. Ó gbé e sílẹ̀.

"Alhaja wo?"

"Alhaja tiwa yìí now, tí wọ́n ń ta aṣọ. Wọ́n ní ó ṣiṣẹ́ gan-an. Wọ́n ní ẹnì kan wà nínú ilé àwọn tó ti ń múra àtilọ láti ọjọ́ yìí, pé inú tíì làwọn ń bù ú sí láràárọ̀, ẹni náà ò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ wọn ni, àbí? Mi ò béèrè o."

Èèyàn méjì péré ló ń gbé nínú ilé náà.

Làtíìfù wo orúnkún rẹ̀. Ó wo wàláà. Nǹkan mìíràn ló wá béèrè.

"Mummy, ṣé ilẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ilẹ̀ bíi ti báwo?"

"Erùpẹ̀. Ilẹ̀ tí wọn ò da kọnkéré sí."

"Gádìnì wà lẹ́yìn. Igi kan wà níbẹ̀ tí kì í so. Kò sẹ́ni tó ń débẹ̀."

"Ajá ńkọ́?"

"Ajá kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

"Ẹ fi mọ́tò yín bá mi kó omi yìí lọ síbẹ̀. Mi ò ní kọ omi ìdúró fún Malachi. Màá kọ ọ́ kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà."

Olúwakẹ́mi tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ó dáa náà, sà. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn kó máa pè mí."

Lẹ́yìn tó lọ, Làtíìfù wọ ilé ìdáná. Ó rí ìgò náà lẹ́yìn àpò ìrẹsì, òwú aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn rẹ̀, omi inú rẹ̀ ti fà dé ìdajì. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ìka kan tọ́ ọ wò. Èédú àti oje igi. Ahọ́n rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ẹfun kẹ́tùlù ló ń fi tan ara rẹ̀ jẹ. Ó dá ìgò náà padà síbi tó wà.

Ìbínú kọ́ ló kọ́kọ́ mú un, ẹ̀rù ni. Ká ní ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ó lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n kọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì mọ bí ó ṣe kọ ọ́ dáadáa tó. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún kí wàláà tó dé, òótọ́ ni. Ṣé bí ó ṣe ń wúwo báyìí náà nìyẹn? Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó ń rò ó síwá, ó ń rò ó sẹ́yìn, kò rí ibi tí yóò gbà jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká, ta ni yóò ké sí?

Kò sọ nǹkan kan fún Hàlímọ̀tù. Bó bá po tíì, ó ń mu ún. Ṣùgbọ́n bí Hàlímọ̀tù bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Olúwakẹ́mi á gbé mọ́tò rẹ̀ wá sísàlẹ̀, Malachi á gùn wá sókè wá kó ìgò, kò sì béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó kàn ń wo bàbá náà lójú bí ẹni tó ti gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ wá béèrè. Ní ìdí igi gádìnì, Làtíìfù á ṣe Bísímílàhì, á tú òwú, á da omi. Olúwakẹ́mi á ṣe àmín. Ilẹ̀ náà ń fà á bíi pé ó ti ń retí rẹ̀. Wọ́n ń kó o títí yàrá fi ṣófo, tí Làtíìfù sì rí àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday, Hàlímọ̀tù wọ ilé ìdáná. Làtíìfù ti wà lórí àga, ó wọ kóòtù, báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìgò tó ní òwú aláwọ̀ ewé wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife òfìfo kan.

"Ta ló gbé ìyẹn síbẹ̀?" Hàlímọ̀tù béèrè.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ta lẹ ní kí n kọ ọ́ fún?"

"Mo ti sọ fún ẹ. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣé ibí ni obìnrin náà ń gbé?"

Hàlímọ̀tù wo kẹ́tùlù. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ó ti pẹ́ tí o ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí Mummy Malachi wá."

"O sì ń mu tíì mi?"

"Ẹ̀yin lẹ pò ó."

"Mi ò fi ṣe ẹ́ níbi. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ìwọ lo kọ ọ́."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀?" Ohùn Hàlímọ̀tù gòkè. "Tẹlifíṣọ̀n? Àwọn tó wà ní Kánádà yẹn ń pè mí bí ẹni ń pe káńsù. Wọ́n á ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó tẹ fóònù. Bí wọ́n bá ti rí i gbà, ó tán. Ìgbà tí o dé ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún mi pé kí n má lọ?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ṣé o ò ní lọ?"

Làtíìfù kò fẹ́ purọ́ fún un.

"Màá lọ. Ṣùgbọ́n màá ti mọ̀."

Hàlímọ̀tù dìde. "Ó dáa. Máa lọ. Sínkì nìyí." Ó na ọwọ́ sí ìgò.

Ọwọ́ Làtíìfù ló kọ́kọ́ dé orí rẹ̀. Àwọn méjèèjì di ìgò náà mú, wọn kò fà á. Làtíìfù mọ ohun tó wà níwájú òun. Bí òun bá fi í sílẹ̀, sínkì. Bí òun bá gbé e dání, ohun tí wọ́n fi de òun ni òun gbé dé ilé ọmọ òun yẹn. Ọ̀nà kan péré ló kù tó mọ́, ọ̀nà náà sì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á jù.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo kọ, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mi ò kọ okùn."

Hàlímọ̀tù jọ̀wọ́ ìgò náà.

Làtíìfù tú òwú, ó fi í sórí tábìlì. Ó ṣe Bísímílàhì. Ó da omi náà sínú ife, ó mu ún. Ó tún dà á, ó tún mu ún, títí kò fi kù. Kò sí ata ilẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó korò dé ọ̀fun. Ó bu omi díẹ̀ sínú ìgò òfìfo náà, ó mì ín, ó mu ìyẹn náà. Bó bá jẹ́ okùn ni, gbogbo okùn tó wà nílé ló gbé mì yẹn.

Hàlímọ̀tù kò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Làtíìfù náà ń wo ẹsẹ̀ náà.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Orúnkún rẹ̀ dún. Ó dúró díẹ̀ láàárín ìjókòó àti ìdìde, Hàlímọ̀tù kò mí. Lẹ́yìn náà ó nàró tán.

"Bí mo bá kírun Jímọ̀ tán, màá yà síbí," ó ní. "Ẹ se ọbẹ̀ dè mí."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Líìfùtì ti kú. Ó di irin pẹ́tẹ́ẹ̀sì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.